Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lára Tèmi, Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Lára Tìrẹ

Ìsọlọ̀, Èkó
6 Oṣù Kẹrin, 2025

Zakariyah ọmọ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ jẹ́ ₦150,000. Èyí tí mo ná nìyí: owó iná àti omi àgbàlá, ₦9,500; òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ₦14,200; àpò ìrẹsì kékeré, ₦21,000; bíréèkì ọkọ̀ rẹ tí Mísbáù ní kò mú mọ́, ₦32,000; síìpù àti òwú tí mo rà kún ọjà ìsọ̀ mi ní Òṣòdì, ₦40,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦116,700. Ó ku ₦33,300 lọ́wọ́ mi.

Má bínú pé owó ni mo kọ́kọ́ kà kí n tó kí ọ. Bí mo bá kí ọ tán kí n tó ṣírò, orí mi kì í gba nọ́ńbà mọ́, nítorí àárò rẹ á ti gba ibẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé òtútù Coventry ti ń rọlẹ̀? Inú ìwé ni mo kọ èyí sí, tí mo wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí o mọ àgbàlá wa. Bí mo bá sọ̀rọ̀ owó lórí fóònù nínú yàrá, ẹni tó wà ní balùwẹ̀ á sọ ọṣẹ sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́rin ló ń sùn nínú àgbàlá báyìí: Kámírì rẹ tí àbúrò mi Mísbáù ń fi ṣiṣẹ́, Gọ́ọ̀fù Adéyanjú, ọmọ Ìwó tó ń tún fíríìjì ṣe, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, àti ọkọ̀ àwọn ayálégbé méjì tó wà lókè. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó ní táyà sípíà gidi tí wọ́n lè gbé sẹ́yìn ọkọ̀ de ọjọ́ tí ọ̀kan bá jò. Táyà kan pẹ̀lú ríìmù rẹ̀ kò dín ní ₦52,000. Bí olúkúlùkù bá ra tirẹ̀, ₦208,000 ló máa jáde nínú àgbàlá yìí. Mo wá rò ó pé ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í lọ ìrìn àjò lọ́jọ́ kan náà. Kí ló dé tí a kò lè dáwó ra ẹyọ kan, kí ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò máa gbé e, kó sì dá a padà bó bá dé? ₦13,000 ló máa kan olúkúlùkù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní kí n máa gba owó náà jọ bí mo ṣe ń gba owó iná.

Nọ́ńbà wo ni kí n bá alátáyà sọ? Mo bẹ̀rẹ̀ wo ara táyà rẹ, nọ́ńbà àti lẹ́tà ló kún un yí ká bí ara àpótí ọlọ́jà. Tètè fèsì, owó ti ń wọlé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bàṣírátù


Coventry
11 Oṣù Kẹrin, 2025

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, Mà. Mo rí ìwé yín.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ẹ wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn, èyí tó tẹ̀ lé lẹ́tà R. Bí ẹ bá rí 15 lára àwọn ọkọ̀ yòókù, kò síṣòro, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, ìsinmi wa ti fẹ́ parí. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Mísbáù.

Zakariyah


Ìsọlọ̀, Èkó
27 Oṣù Kẹrin, 2025

Zakariyah ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ pé o fèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé rẹ kúrú bí orúkọ tí wọ́n kọ sára àpò gààrí. Ṣé o ń jẹun? Ẹni tó ń jẹun kì í kọ̀wé báyẹn.

A ti ra táyà o. Kí n tó lọ, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí mo ti rí nọ́ńbà tó kẹ́yìn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi àti Mísbáù lọ sí ọjà Ládípọ̀. Alátáyà tí a bá níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ₦65,000, mo jókòó tì í títí ó fi dé ₦52,000. Nígbà tí a máa fi kúrò, ó ní òun ò ní gbàgbé ojú mi láéláé.

Mísbáù gbé e wọ Kámírì rẹ wò, ó wọ̀ ọ́ bí fìlà ẹni ṣe ń wọ orí ẹni. Nígbà náà ni Adéyanjú mú àbá tirẹ̀ wá. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbé e wọ ara àwọn ọkọ̀ yòókù náà wò. Fọ́kánáísà ìta ní ẹgbẹ̀rún kan ni òun máa gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà? Kí ó lè wá ka ohun tí ojú mi ti kà? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára tèmi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lára tìrẹ. Adéyanjú, èwo ló pọ̀ ju èkejì lọ níbẹ̀?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ìyá Kákúlétọ̀, mo túúbá." Orúkọ tí wọ́n ń pè mí báyìí nìyẹn, n kò sì ní parọ́ fún ọ, ó ń dùn mọ́ mi. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rẹ́ mi jẹ nínú owó.

Ṣéènì la fi so táyà náà mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bàṣírátù


Ìsọlọ̀, Èkó
15 Oṣù Kẹfà, 2025

Zakariyah,

N kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. N kò ṣírò owó kankan síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Iléyá, bí a ṣe ń kírun Àsùbáà tán ni wọ́n pe Adéyanjú láti Ìwó pé ìyá rẹ̀ ti kú. O mọ ti àwa Mùsùlùmí, òkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á dúró dè é títí di ìrun Àílà, nítorí òun ni àkọ́bí ìyá náà. Ó kan ilẹ̀kùn mi, omijé wà lójú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ṣéènì. Èmi ni mo bá a yí táyà náà dé ìdí Gọ́ọ̀fù rẹ̀. Mo tún ṣàdúà sí i.

Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ló lọ. Wọ́n kọjá Ìbàdàn láyọ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Lálúpọn ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n gbé sípíà wa jáde. Ihò mẹ́rin ló wà lára ríìmù Gọ́ọ̀fù, ibi tí bóòtì ń gbà wọlé. Ti sípíà wa jẹ́ márùn-ún. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dè é.

Adéyanjú yí i lójú títì tòun taṣọ funfun tó wọ̀ fún òkú, títí ó fi rí fọ́kánáísà kan lábẹ́ igi, àwọn àbúrò rẹ̀ sì gbé ríìmù Gọ́ọ̀fù tẹ̀ lé e. Ìyẹn ní kò burú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ríìmù méjèèjì, òun á yọ táyà yẹn kúrò lára ríìmù tiwa, òun á sì gbé e wọ ríìmù Gọ́ọ̀fù. Ó yọ ọ́, ó gbé e wọ̀ ọ́, ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ìdí ọkọ̀ ga sókè lápá kan bí ẹni tó ń tiro. Nígbà tí gbogbo wọn sì jókòó sínú rẹ̀ tán, táyà ń ha irin tó bò ó. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí èéfín fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òórùn rọ́bà jíjó gba inú ọkọ̀. Wọ́n tún dúró. Àbúrò rẹ̀ kan gun ọ̀kadà padà lọ wá táyà mìíràn.

Kí wọ́n tó dé Ìwó, ìyá náà ti wọlẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, àfáà á béèrè bóyá olóògbé jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àgbà ló máa ń dìde pé gbèsè ìyá òun ti di ti òun. Ọkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló dìde, nítorí pé wọn ò rí Adéyanjú. Àna ló gba gbèsè ìyá rẹ̀ sọ́rùn lójú ìlú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gan-an nìyí, òun ló sì ń jẹ mí. Nígbà tó padà dé, gbogbo àgbàlá jáde. Kí n tó kí i kú àṣẹ̀yìndè, ohun tó kọ́kọ́ já bọ́ lẹ́nu mi ni pé, "Zakariyah ló sọ fún mi pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni." Mo ju ẹ̀bi náà sókè òkun, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè bi ọ́ léèrè.

Ó ní, "Kò sí wàhálà, Mà." Ó wọlé.

Àwọn ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lánàá, nídìí ẹ̀rọ omi, ìyá kan láti òkè gbé ohùn sókè, kò wojú mi, ó ní, "Ṣòkòtò àgbàwọ̀ ni, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni." Mo gbé korobá mi kúrò láìkún.

Kí ni nọ́ńbà yòókù ń ṣe lára táyà, Zakariyah? Kí ló dé tí o fi sọ fún mi pé ẹyọ kan ni kí n wò?

Ìyá rẹ


Ìsọlọ̀, Èkó
6 Oṣù Keje, 2025

Zakariyah,

Mo rí i pé o ti ka ìwé mi, àmì méjèèjì ti di búlúù láti ọjọ́ tí mo fi í ránṣẹ́. O kò fèsì. O kò pè. Ṣé torí pé mo dárúkọ rẹ lójú àgbàlá ni? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, o jàre.

Adéyanjú ṣì ń kí mi láràárọ̀. Ó ń dọ̀bálẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bó bá ń jáde, ọ̀dọ̀ mi ló ń fi kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sí. Báyìí, àpò rẹ̀ ló ń fi í sí. Ìbá sàn kó bú mi.

N kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ o. Kọ̀wé.

Ìyá rẹ


Coventry
13 Oṣù Keje, 2025

Ìyá mi,

Ẹ dárí jì mí. Kì í ṣe ìbínú ló jẹ́ kí n dákẹ́, ojú ló tì mí. Bí mo bá mú fóònù láti kọ̀wé, ọkùnrin tó ń yí táyà lójú títì nínú aṣọ funfun ni mo máa ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ tí ìwé yín àkọ́kọ́ dé, mo rí owó lókè rẹ̀, mo sọ lọ́kàn mi pé ìyá mi tún fẹ́ béèrè owó nìyí. N kò fara balẹ̀ kà á. Mo sáré fún yín ní nọ́ńbà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn fọ́kánáísà nígbà tí mo wà nílé, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ọdún púpọ̀ ni mo fi wa Kámírì yẹn, n kò ka ara táyà rẹ̀ rí.

Mo ti wá béèrè báyìí, ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n mo béèrè. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá Mísbáù ya fọ́tò táyà méjèèjì fún mi. Ohun tó wà lára Kámírì, tó sì wà lára sípíà náà, ni 205/65R15. Ti Gọ́ọ̀fù jẹ́ 195/50R15.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà kejì kì í ṣe mìlímítà, Mà. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó sí fífẹ̀ rẹ̀. 65 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Ti Gọ́ọ̀fù jẹ́ ìdajì péré. R kàn ń sọ bí wọ́n ṣe hun inú rẹ̀. 15 tí mo sọ fún yín, ihò àárín nìkan ni, ibi tí ríìmù ń wọ̀, ínṣì sì ni. Ó dà bí ọrùn aṣọ. Ọrùn aṣọ méjì lè bára mu, kí ọ̀kan jẹ́ bùbá, kí èkejì jẹ́ agbádá.

Ti ihò bóòtì kò tilẹ̀ sí lára táyà rárá. Ara ríìmù ni ènìyàn ti ń ka iye rẹ̀, tí á sì wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ táyà láàárín ọkọ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bára mu. Bí kò bá dá ènìyàn lójú, kó gbé e wọ̀ ọ́ wò.

Ẹ sọ fún gbogbo àgbàlá pé èmi ni mo jẹ̀bi. Màá fi ₦52,000 ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, kí ẹ dá owó olúkúlùkù padà. Mo ti fẹ́ pe Adéyanjú lẹ́ẹ̀mejì. N kò tíì rí ẹnu fi pè é.

Ọmọ yín,
Zakariyah


Ìsọlọ̀, Èkó
27 Oṣù Keje, 2025

Zakariyah ọmọ mi,

Kíkí ni mo fi ṣáájú lónìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Mo ti gbọ́ ohun tí o rò nígbà tí o rí owó lókè ìwé mi. N kò bínú sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí o ti lọ, ìwé mélòó ni mo kọ tí n kò fi náírà bẹ̀rẹ̀?

Má fi ₦52,000 kankan ránṣẹ́, má sì gba ẹ̀bi yẹn. Nígbà tí ìwé rẹ dé, mo mú tépù tí mo ń tà, mo mú bírò, mo ṣe é bí o ṣe wí. Ti sípíà wa: 205, ìdá rẹ̀ jẹ́ 133.25; òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 266.5, ihò àárín, ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ 381. Gíga rẹ̀ jẹ́ 647.5. Ti Gọ́ọ̀fù: ìdajì 195 jẹ́ 97.5, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 195, fi 381 kún un, ó di 576. Sípíà wa fi mìlímítà 71.5 ga ju ti Adéyanjú lọ. Mo na ọwọ́ mi sára tépù, ó gùn ju ìka ìfábẹ̀lá mi lọ. Ohun tí mo ní ojú mi ti kà nìyẹn. Ìṣirò náà kò gbà mí ní àkókò rárá, ọmọ ìwé kẹfà lè ṣe é.

Ṣé o mọ ohun tí mo ń tà? Síìpù ínṣì méje, eyín rẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà márùn-ún. Gígùn wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n orí ọ̀kan kò lè rìn lára èkejì láéláé. Bí aránṣọ bá wá sí ìsọ̀ mi, tó ní "síìpù ínṣì méje," èmi ni mo máa ń bi í pé, "Nọ́ńbà eyín ńkọ́?" N kì í jẹ́ kó lọ láìbi í. Adéyanjú wá bi mí ní irú ìbéèrè yẹn gan-an, mo fi í ṣe ẹ̀rín fún àgbàlá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni mo fẹ́ fi pa mọ́.

Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Nídìí ẹ̀rọ omi ni mo ti sọ ọ́, láàárọ̀, nígbà tí gbogbo wọn pé. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o. Zakariyah kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Adéyanjú ní ká dán an wò, èmi ni mo ní rárá." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá òkè yẹn bá mi gbé korobá mi dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹn tilẹ̀ tún dùn mí ju òwe rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ìyá Adéyanjú ní Ìwó. Kò pè mí. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ. Nígbà tó rí mi, ó dìde láàárín àwọn àlejò rẹ̀, ó mú àga wá, ó fi mí jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ìyá mi ti Èkó nìyí." Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi.

Lẹ́yìn àdúà, mo tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn ilé. Mo kúnlẹ̀. Ó yára kúnlẹ̀ tì mí, ó ní, "Ìyá, ẹ má ṣe èyí sí mi, àwọn èèyàn ń bọ̀." Mo fi àpò ìwé tí owó rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà fún mi.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀, Mà."

"Títí di ìgbà wo, Adéyanjú?"

"N kò mọ̀, Mà. Bí mo bá gbà á, á dà bí pé ó ti tán. Kò tíì tán nínú mi."

Ó gbé mi padà sí Èkó nínú Gọ́ọ̀fù rẹ̀. A sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ owó epo. Bí a ṣe ń kọjá Lálúpọn, ọ̀rọ̀ owó epo náà la ṣì ń sọ.

Zakariyah, mo ní iṣẹ́ kan láti rán ọ. Bí ọjọ́ mi bá pé, mo mọ̀ pé wọn kò ní lè dúró dè ọ́, ibi tí o wà jìnnà ju Ìsọlọ̀ sí Ìwó lọ. N kò fi bá ọ wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àfáà bá béèrè ohun tó máa ń béèrè, fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí Mísbáù, kó dìde kà á lórúkọ rẹ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ lo gbà á sọ́rùn.

Ìṣirò náà nìyí. Ẹnì kan láti Èjìgbò ra sípíà náà ní ₦40,000. Mo dá owó àwọn méjì tó wà lókè padà, ₦26,000. Ó ku ₦14,000. Bí mo bá yọ ti Adéyanjú kúrò, ẹgbẹ̀rún kan ló kù fún wa nínú ₦13,000 tiwa, mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ní Òṣòdì. N kò jẹ onílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bàṣírátù

Ẹni tí mo jẹ: Adéyanjú, ọmọ Ìwó. ₦13,000. Kò tíì gbà á.